Òpó 46, résìn tó ń hó, àti pọ́dà ọmọ ọwọ́

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Nínú oṣù kẹfà mo pe ọkùnrin kan lórí fóònù, mo bú u, mo ní ayédèrú résìn, ìyẹn ike olómi tó máa ń le téèyàn bá ti dà á, ló tà fún mi, mo pariwo títí ó fi dá ìdajì owó mi padà. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn mo ti mọ̀ pé résìn yẹn ò ṣẹ̀ mí rárá, èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Bó ṣe lọ rèé. Mo máa kọ ọ́ gùn díẹ̀ torí ẹni tó bá ń da résìn létí ọ̀sà bíi tiwa níbí, á bá irú ẹ̀ pàdé lọ́jọ́ kan.

Pátákó ìpolówó niṣẹ́ mi ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ike pẹlẹbẹ funfun tá a fi ń ṣe pátákó yẹn, polystyrène ni, àgékù ẹ̀ sì máa ń pọ̀ nílẹ̀ mi ju ibi tí mo lè kó o sí lọ. Òun ló sún mi dédìí màkẹ́ẹ̀tì. Ilé kékeré téèyàn fi ṣàpẹẹrẹ ilé gidi ni, màkẹ́ẹ̀tì là ń pè é níbí torí Faransé, àwọn ará Èkó á ní mọ́dẹ̀lì. Tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n kó sínú páálí tí èèyàn kàn máa ń tò pọ̀ o. Orí ike lásán la ti ń bẹ̀rẹ̀: gé e, lẹ̀ ẹ́, fi mástíìkì dí i, fi sáńpépà ha á, èyí tó bá jẹ́ pé ó pọ̀ tó sì jọra, o ṣe ẹyọ kan dáadáa o wá fi résìn bí ìyókù.

Tàntí kan ló wá bá mi lóṣù karùn-ún. Àgbà obìnrin, ọmọ Àgùdà ni, àwọn tí bàbá ńlá wọn padà wálé láti Bràsíìlì láyé ọjọ́un. Ó jókòó, ó wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíká, ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń fi ike kọ́lé."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Tàntí.

Ó ní òun ní ilé kan tóun fẹ́ kí n kọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá wọn ni, alámọ̀, òjò ti wó o. Ẹni tó bá ń gbé Àjàṣẹ́ mọ irú ilé tí mò ń wí, ilé amọ̀ pupa tí wọ́n rẹ́ lára, fèrèsé orí ẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó lára òpó, bákọ́nì lókè. Ẹ wo Mọ́sáláṣí ńlá wa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1912, àlejò tí kò mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, torí ojú rẹ̀ jọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ní Bràsíìlì. Ọwọ́ Àgùdà yẹn náà ló wà lára ilé Tàntí. Tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ti jò lórí tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, omi á wọnú amọ̀, ó parí. Gbogbo ẹbí máa pàdé lóṣù kẹjọ láti ṣe ìrántí ìyá wọn àgbà, ó fẹ́ kí ilé náà wà lórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn.

Fọ́tò mẹ́ta ló mú wá. Méjì ò wúlò fún wíwọ̀n, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti yà wọ́n, nǹkan tó wà níwájú tóbi ju tẹ̀yìn lọ. Ìkẹta kọjú sí ilé náà tààrà. Wọ́n sá aṣọ sórí bákọ́nì nínú ẹ̀, aṣọ náà bo apá òsì díẹ̀, mi ò tiẹ̀ kà á sí.

Ìpìlẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ koríko. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi lọ wọ̀n ọ́n, ojú ilé láti igun dé igun jẹ́ mítà 11 àti 40 sẹ̀ǹtímítà. Nínú fọ́tò, ojú ilé yẹn jẹ́ mílímítà 152, ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ jẹ́ 28. Ẹ ṣírò ẹ̀: ilẹ̀kùn gidi á jẹ́ mítà 2 àti 10 sẹ̀ǹtímítà, ó sì bọ́gbọ́n mu fún ilẹ̀kùn. Báyẹn ni mo ṣe ń gun orí nǹkan tí mo mọ̀ dé orí èyí tí mi ò mọ̀, títí tí gbogbo ilé fi jáde. Mo fi í sí 1/50, àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà lára ilé di ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Ojú ilé di sẹ̀ǹtímítà 22.8, ilẹ̀kùn di mílímítà 42, àwọn òpó kéékèèké orí bákọ́nì tí wọ́n ga tó 80 sẹ̀ǹtímítà di mílímítà 16. Mo ka òpó yẹn, ibi tí aṣọ bò mo fi àyè àárín wọn ṣírò ẹ̀. 46.

Ògiri ò le. Ike tó nípọn tó mílímítà kan ààbọ̀, o fi abẹ fa ìlà lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o ṣẹ́ ẹ, á dá ní tààrà bíi bisíkíìtì. Kọ́ọ̀lù ẹ̀ dà bí omi, kì í lẹ̀ bíi gọ́ọ̀mù, ńṣe ló ń yọ́ ike méjèèjì wọnú ara wọn, tó bá fi máa gbẹ wọ́n ti di ẹyọ kan. Torí ẹ̀ lẹ ò ṣe gbọdọ̀ dé ilé náà pa láìlu ihò sí ìdí ẹ̀ o, oru kọ́ọ̀lù tó bá há sínú á máa jẹ ike díẹ̀díẹ̀, ògiri tó gún lónìí á ti wọ̀ sínú lẹ́yìn oṣù kan. Mo ti fi ilé kan kọ́ ìyẹn. Èyí tí mo fi ilé yìí kọ́ ni ti mástíìkì. Mástíìkì àwọn tólíè tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò dáa gan-an, ó ń le kíá, àmọ́ ó máa ń gbóná tó bá ń dì, ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ń jẹ polystyrène. Mo fi í nípọn sórí ike ìdajì mílímítà, ó ká kò bí ewé tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ máa fi í, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún fi òmíràn lé e.

Ká wá sórí òpó.

Ẹyọ àkọ́kọ́ tá a fi ọwọ́ ṣe, ìyá là ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo lẹ ike tínínrín pọ̀ di igi kékeré, mo fi ẹnu dírílì gbá a mú, mo jẹ́ kó máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo fi fáìlì gbẹ́ ọrùn àti ikùn sí i. Tí dírílì bá sáré jù ike á yọ́, á máa so mọ́ fáìlì. Mẹ́ta bàjẹ́ kí ìkẹrin tó dáa.

Múùlù ló kàn, ìyẹn ohun tá a máa da résìn sí kó lè gba ìrísí ìyá. Àwọn tó lówó ń ra sílíkọ́ọ̀nù onígò méjì láti òkèèrè. Èmi, sílíkọ́ọ̀nù tí àwọn onífèrèsé fi ń dí etí gíláàsì, tó ń rùn bíi fínígà, ni mò ń lò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mú èyí dì, torí ẹ̀ tó bá nípọn, ara ẹ̀ á gbẹ inú ẹ̀ á ṣì máa fà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹ po máízẹ́nà, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo, mọ́ ọn. Máízẹ́nà ní omi nínú bó tilẹ̀ gbẹ lójú, omi yẹn á mú sílíkọ́ọ̀nù dì láti inú wá, kò ní pẹ́ tó fi máa le. Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì fi èyí tí mi ò po nǹkan mọ́ pa ìyá lára kí ihò má bàa wà, mo wá fi èyí tó le bo ẹ̀yìn ẹ̀. Apá méjì ni múùlù náà, mo sì fi fásílíìnì pa ojú apá àkọ́kọ́ kí n tó ṣe ìkejì, torí sílíkọ́ọ̀nù ò mọ nǹkan méjì tó ń lẹ̀ mọ́ ju sílíkọ́ọ̀nù ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Mo fi múùlù kékeré yẹn bí méje látara ìyá, mo to mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ, mo fi wọ́n ṣe múùlù ńlá. Mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́fà, ó ti tó.

Résìn náà, polyuréthane ni, onígò méjì, ìdajì-ìdajì lẹ́ ẹ máa pò ó. Ìwé tó bá a wá ní èèyàn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó dì, nínú ooru tiwa ìṣẹ́jú méjì ò pé. 18,000 fáráǹ ni mo rà á. Méje àkọ́kọ́ yẹn jáde, wọ́n dán, wọ́n le, inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò wọn.

Àmọ́ mo wo gò, mo wo iye iṣẹ́ tó kù, orí òpó ńlá, etí fèrèsé mọ́kànlá, mo rí i pé résìn ò ní dé ọ̀hún. Ọgbọ́n tí gbogbo wa ń dá ni kéèyàn po pọ́dà mọ́ ọn kó lè pọ̀ sí i. Nínú oṣù kìíní, lásìkò ọyẹ́, mo ti ṣe é pẹ̀lú résìn ọkùnrin yìí kan náà, kò sí wàhálà. Pọ́dà ìgbà yẹn ti tán, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ ra pọ́dà ọmọ ọwọ́ míì ní ọjà Wàǹdó. Ó rà á dé. A pò ó. A dà á.

Ó dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń yọ jáde lẹ́nu ihò múùlù bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná, àwa méjèèjì dúró tì í à ń wò ó. Nígbà tá a ṣí i, òpó mẹ́jọ rèé tó kún fún ihò, fúyẹ́ bíi kànìnkànìn, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ ó rún. Mo ní bóyá a ò pò ó dáadáa. A tún ṣe é, bákan náà. Mo fi òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà wọ̀n gò méjèèjì kí wọ́n lè bára dọ́gba, bákan náà. Òpó 24 ti lọ, òjò ń rọ̀, oṣù kẹjọ ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé omi ni. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n ṣìnà. Nǹkan kan wà nínú ọ̀kan nínú gò méjèèjì tí wọ́n ń pè ní isocyanate, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó di gò kejì mú kí méjèèjì le. Tó bá rí omi, á bá omi lọ, gáàsì á sì jáde, gáàsì kan náà tó ń ta nínú míníráàlì, résìn á wá dì mọ́ gáàsì yẹn nínú. Fóòmù tí ẹ ń sùn lé náà nìyẹn, àwọn yẹn mọ̀ọ́mọ̀ fi omi díẹ̀ sí tiwọn ni. Torí pé mo mọ̀ pé omi ni, mo ní ọkùnrin yẹn ti ṣí gò kó tó tà á fún mi, ó ti fi í sílẹ̀ gbayawu nínú ọ̀rinrin. Mo gbé fóònù. Ẹ ti mọ ohun tí mo sọ. Mo tún lọ sọ fún àwọn méjì tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n má rà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ìyẹn ló dùn mí jù nígbà tó yá.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló bi mí lọ́jọ́ kẹta pé, "Ọ̀gá, méje àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe inú gò yìí náà la ti bu tiwọn?"

Mi ò dá a lóhùn. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo to kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò ju pé kéèyàn má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ọ̀bù ike tó gbẹ, résìn nìkan, ọ̀pá ike ni mo fi rò ó: ó mọ́ lóló. Kọ́ọ̀bù bébà pẹ̀lú igi áísìkirímù: ihò wẹ́wẹ́ díẹ̀ létí, torí bébà àti igi ń mu omi, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyẹn tó ohun tó lè ṣe nǹkan. Èyí tí mo dà sínú múùlù àlòkù tí mo fọ̀ tí mi ò jẹ́ kó gbẹ tán: ó ta díẹ̀ níbi tó kan ara múùlù. Résìn pẹ̀lú pọ́dà: ó wú kọjá ẹnu kọ́ọ̀bù, ó ṣàn sórí tábìlì.

Tóò, pọ́dà ni. Mo rò pé òjò ló rin ín. Mo gbé agbada kékeré kaná, mo da pọ́dà náà sí i, mo ń yan án bí ẹni ń yan gààrí kí omi inú ẹ̀ lè lọ. 50 gíráàmù ni mo wọ̀n sí i. Ìyàwó mi jáde láti inú ilé, ó ní, "Bàbá ọmọ, kí lẹ̀ ń sè tó ń rùn bí àgbàdo yíyan?"

Mo wo inú agbada. Pọ́dà ti ń pọ́n nísàlẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Tálíkì, pọ́dà tí mo mọ̀, òkúta lílọ̀ ni. Ẹ yan òkúta títí di ọ̀la, kò ní pọ́n, kò sì ní rùn bí oúnjẹ. Mo gbé agólò pọ́dà náà lọ sábẹ́ iná, ọmọ iṣẹ́ mi ló ka ẹ̀yìn ẹ̀ fún mi torí lẹ́tà ẹ̀ kéré bí ẹyin iná orí: amidon de maïs. Máízẹ́nà! Máízẹ́nà olóòórùn dídùn! Nǹkan tí mo fọwọ́ ara mi pò mọ́ sílíkọ́ọ̀nù nítorí pé ó ní omi nínú, òun náà ni mo tún ń pò mọ́ résìn tí kò gbọdọ̀ rí omi. Ọ̀pọ̀ pọ́dà ọmọ ọwọ́ ti fi tálíkì sílẹ̀ báyìí, ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n ń fi ṣe é, èmi ò kíyè sí i, ta ló ń ka ẹ̀yìn pọ́dà? Mo sọ èyí tó wà nínú agbada kalẹ̀, mo wọ̀n ọ́n: gíráàmù 44 àti díẹ̀. Gíráàmù márùn-ún ó lé ló ti fò lọ, omi sì ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyẹn ni mò ń rò pọ̀ mọ́ résìn tí mo tún ń bínú.

Mo fi owó ọkùnrin yẹn ránṣẹ́ sí i padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 9,000 pé, kí n tó pè é. Mo ṣàlàyé. Ó dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán. Àmọ́ àwọn méjì tẹ́ ẹ sọ fún yẹn, ẹ̀yin lẹ máa bá mi pè wọ́n o." Mo pè wọ́n. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín mi títí fóònù fi kú.

Ìyókù ò gùn. Mo ra tálíkì gidi, mo ṣì yan án lórí iná kí n tó lò ó, mo ń fi aṣọ nu múùlù kí n tó gbé e sóòrùn, kọ́ọ̀bù bébà ti jáde nílé mi. Gò tí mo bá ṣí, mo ń dé e kí n tó gbé kọ́ọ̀bù. Résìn tó kù ò tó fún etí fèrèsé, ike ni mo gé fún gbogbo wọn, ó sì tiẹ̀ dáa ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi nǹkan bo imú, ẹ ṣí fèrèsé tẹ́ ẹ bá ń da irú résìn yìí tàbí tẹ́ ẹ bá ń ha á, oru ẹ̀ àti eruku ẹ̀ kì í ṣe nǹkan eré, àwọn tó máa ń bá èémí jà lálẹ́ má tiẹ̀ sún mọ́ ọn.

Tàntí wá gbé ilé rẹ̀ nígbà tí oṣù kẹjọ kù ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti kùn ún, ìyeyè tó ti ṣá díẹ̀, etí fèrèsé funfun, mo fi òmíràn tó dúdú díẹ̀ ra ìdí ògiri bí òjò ṣe máa ń ta ẹrẹ̀ sí i. Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ba, ó gbé ojú dé iwájú bákọ́nì, ó ń fi ìka ka òpó láti apá òsì, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó dúró.

"Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni, Tàntí."

"Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ki orí bọ àárín wọn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, orí ò yọ mọ́, ó ń ké, bàbá wa fi òòlù fọ́ ẹyọ kan kó tó jáde. Wọn ò tún un ṣe láéláé. Ibẹ̀ la máa ń sá aṣọ sí kí àlejò má bàa rí i."

Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí. Mo wo òpó kẹta. Mo mú abẹ, mo gé e lókè, mo gé e nísàlẹ̀, mo fi sáńpépà ha ojú ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, 45. Mo fẹ́ ju ẹyọ tí mo gé yẹn sínú ike àgékù, Tàntí na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dì í sí etí ìró rẹ̀.